Gbòǹgbò Tí Wọ́n Dà Sórí Oko Màámi

Màámi kì í sun koríko ẹ̀kan. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìkòsì ló ń dáná sun ún nígbà ọyẹ́, tí wọ́n á máa yọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ewé nìkan niná ń jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun gbọọrọ wà nísàlẹ̀ níbi tí iná ò dé. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ báyìí, ó tún yọ, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ́ ni Màámi fi ń bá a jà. Wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tọ gbòǹgbò náà lọ díẹ̀díẹ̀, kó má baà já, torí èyí tó bá já sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, á hù.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa. Lẹ́yìn tí Bàámi kú ni ẹbí onílẹ̀ ní kí Màámi máa gbin ẹ̀fọ́ ṣọkọ síbẹ̀, lórí àdéhùn kan ṣoṣo: kó má digbó. Ọdún mẹ́ta la fi fa ẹ̀kan tu níbẹ̀. Orí páànù ògbólógbòó la ń sá gbòǹgbò sí, kó gbẹ, kó má fara kan ilẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Màámi lọ kí ọmọ àbúrò wọn tó bímọ ní Ògùdù. Sátidé ìmọ́tótó àdúgbò ni. Alága àdúgbò, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ọmọ ẹbí onílẹ̀, kó ọkùnrin mẹ́ta wá bá mi lóko.

“Odò máa tó kún,” ni Alága wí. “Gbogbo pàǹtí la máa fi dí kòtò yẹn.” Ẹ̀gbẹ́ oko Màámi gan-an ni kòtò náà wà. Wọ́n nàka sí orí páànù. “Ìyẹn náà.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Daddy, gbòǹgbò ẹ̀kan ni. Kò tíì gbẹ. Ó máa hù,” ni mo wí fún Alága.

“Akọ̀wé! Ṣé koríko ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì?”

“Fásít kíláàsì ló gbà nínú ẹ̀, Alága!” ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé wíìbárò wa wá, mo gbé e, òun ni wọ́n fi kó gbòǹgbò náà dà sínú kòtò.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, ẹ̀kan ti gba abẹ́ ilẹ̀ kúrò ní kòtò, ó ti wọ inú ṣọkọ. Màámi tún gbé ọkọ́. Orúnkún ò gbà wọ́n mọ́, ìjókòó ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń wọ́ ìdí láti ebè dé ebè. Wọn ò bá mi wí rárá. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Ní oṣù kẹjọ, alága padà wá pẹ̀lú àgbà ẹbí méjì. “Mummy, ilẹ̀ ti digbó o. Ẹ mọ àdéhùn.”

“Ta ló gbin ẹ̀kan síbẹ̀?” Ohùn mi ti ròkè. Mo to gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọjọ́, wákàtí, ohun tí mo wí, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn, ìrìn mẹ́jọ tí wọ́n fi kó òkìtì náà tán.

“Kí ni wọ́n fi kó o?” ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bi mí.



“Ó tó,” ni Màámi wí fún mi. Wọ́n kọjú sí àwọn àgbà náà. “Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n lò ó.”

Wọ́n ti gba ilẹ̀ náà; oníbúlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, Màámi ra ṣọkọ bọ̀ láti ọjà Mile 12. Wọ́n ṣà á, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní iyanrìn ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n bá gbé e fún mi kí n tún un fọ̀.