Irun Orí Lókè Ojú Ọmọ Mi

Ìṣojú mi kòró ló ṣe. Ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì kà á níbì kan, torí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó kọ́ṣẹ́ gẹrígẹrí. Àmọ́ ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tó bá di ọ̀rọ̀ irun, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú mi.

Òróró gbígbóná ló ta sí ọmọ mi obìnrin lójú níbi tó ti ń dín àkàrà. Ọlọ́run kó ẹyinjú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n irun òkè ojú òsì jóná pátá. Egbò náà jinná, ó ń dán bí àwo, irun kò hù. Tìróò ló fi ń yà á láràárọ̀ kó tó lọ ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò ní Jíbówú. Lọ́jọ́ kan, òógùn nù ún lọ. Agbèrò kan pariwo pé: "Àǹtí, ẹ gbàgbé irun ojú kan sílé o!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kọ iṣẹ́, ó ní òun ò jáde mọ́.

Èmi náà, ṣé kí n máa wò ó? Àwa gẹrígẹrí gbà pé bí abẹ bá ń kan orí léraléra, irun á ki. Ni mo bá ń fá ojú àpá náà, mo ń fi sípírítì nù ún.

"Dádì, kí lẹ ń fá gan-an? Ṣé ó hù ni?"

Dókítà obìnrin tí a wá lọ bá nílé ìwòsàn ló là mí lóye. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, irun kì í dá hù. Awọ ló ń ránṣẹ́ sí i, láti inú oyún: hù níbí, má hù lọ́hùn-ún, gùn, dúró. Àwọn tó ń ránṣẹ́ níbi àpá yìí ti jóná. Bí ẹ fá a dọ̀la, kò sẹ́ni tó máa dáhùn."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ nǹkan kan. Ó ti wọ̀ mí lórí.

Wọ́n ní àwọn máa gé awọ orí tín-ín-rín lẹ́yìn etí ọmọ mi, kí wọ́n gbìn ín sójú àpá. Èmi ni mo fi kílípà gé irun ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó lọ. Nọ́ọ̀sì wò ó títí: "Ta ló gẹ irun yìí? Ó mọ́ o!" Mo ní kó lọ bi wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, irun tó bá awọ náà wá gbọ̀n dànù. Ọmọ mi sunkún. Dókítà ní ká ṣe sùúrù, awọ ṣì wà láàyè. Nígbà tó yá, irun yọ lóòótọ́, ó dúdú, ó ki. Ó sì ń gùn! Awọ orí ni, iṣẹ́ orí ló ṣì ń rán. Bí mi ò bá gé e, á bo ojú.

Ó ti padà sí Jíbówú. Bó bá jókòó sórí àga mi, á ní: "Dádì, ẹ rọra o, ojú nìyí, kì í ṣe pápá." Ẹ bá mi wá gẹrígẹrí míì ní Súrùlérè tó ń gẹ irun orí lókè ojú. Kò sí.

Ohun tó lọ nìyí: irun òkè ojú kan tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn; ojú awọ kan lẹ́yìn etí tí irun ò ní hù mọ́; àti ìparí irun tuntun náà lápá etí, ó tó orí ìka kan, níbi tí awọ tí wọ́n gbìn ò ti mú. Ibẹ̀ ló ṣì ń fi tìróò yà.