Ọjọ́ Tí Mo Yọjú Wo Ìkòkò Nínú Iná

Kékeré ni mo wà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì kọjá l'Ájàh. Katakata tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ga ju mọ́ṣáláṣí wa lọ. Bó bá wúkọ́ báyìí, ewúrẹ́ á bímọ láìpé oṣù. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ewúrẹ́.

Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa, àfi ìgbà tí katakata hú amọ̀ dúdú jáde nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ìlú àwọn amọ̀kòkò ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá níhà Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà náà ọwọ́ wọn ò kan amọ̀ mọ́.

Àwa mẹ́ta là ń bá wọn rù ú, wọ́n sì ń kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ìkòkò. Àdùkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, oníjà, ń lu amọ̀ bí ẹni pé amọ̀ ló jí ẹran rẹ̀ jẹ. Ìkòkò rẹ̀ nípọn bí odó. Sàlámì, ọmọ apẹja ìtòsí wa tí kì í sọ̀rọ̀ tó mẹ́ta lóòjọ́, tiẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Tèmi ní imú, ó ní etí, ó yọ ahọ́n síta. Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ìwọ yìí, ṣé ìkòkò náà á máa parọ́ bíi tìẹ ni?"

Bàbá Sàlámì ò fẹ́ ìranù. Wọ́n ti hun àwọ̀n sílẹ̀ fún un. "Màmá, iṣẹ́ obìnrin lẹ fi ń kọ́ ọmọ mi?"

Ìyá Àgbà ní, "Bí ìkòkò rẹ̀ bá jáde nínú iná láìsán, jẹ́ kó máa wá sọ́dọ̀ mi. Bó bá sán, máa mú un lọ sí ọ̀sà." Wọ́n gbà. Sàlámì ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

A kó ìkòkò jọ, a fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, a ṣáná sí i. Iná yẹn ga débi pé àwọn tó wà lójú òkun rò pé oòrùn méjì ló là. Ìyá Àgbà ní a ò gbọdọ̀ tú eérú títí yóò fi tutù, kí atẹ́gùn òkun má bàa kan ìkòkò gbígbóná. Wọ́n lọ kírun. Èmi wá ń rò ó: báwo ni dúdú ṣe ń di pupa? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni, àbí lẹ́ẹ̀kan náà? Mo fi igi tú eérú, mo bẹjú wò ó. Ìkòkò ń tàn yòò bí ojú ológbò! Ni atẹ́gùn bá wọlé. Pà! Ti Sàlámì ni.

"Katakata ló mi ilẹ̀," ni mo sọ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n sì gbà, nítorí katakata ń mi ilẹ̀ lóòótọ́. Sàlámì ṣa àfọ́kù sínú ẹ̀wù rẹ̀, bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọ̀sà kí n tó dìde. Mo sáré tẹ̀lé wọn. "Bàbá Sàlámì, èmi ni mo tú eérú!"

Ẹ má bi mí nípa pàṣán ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dúró jẹun. Ṣùgbọ́n bàbá Sàlámì jẹ́ kó mọ òmíràn, ìyẹn sì jáde láìsán. Ó pọn omi sínú rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà mu ún, wọ́n sì gbé àwọ̀n tí wọ́n hun fún un kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ilé alájà ló wà lórí kòtò amọ̀ yẹn báyìí. Inú ọ̀rá ni amọ̀ ń bá wa láti ọ̀nà jíjìn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń mọ ọ́n ní Sátidé lẹ́yìn ilé Sàlámì, Àdùkẹ́ ṣì ń lù ú. Àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báńkì láti inú ẹ́sítéètì ń wá bá wa, oníkánjú àti oníṣùúrù, kálukú pẹ̀lú ìkòkò tó jọ ọ́. Koríko la fi ń sun tiwa nígbà náà. Ààrò oníná mànàmáná ni tòde òní, wọ́n sì lu ihò kékeré sí i lára kéèyàn lè máa yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ gbọ́, ihò ìyọjú! Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ sún mọ́ ọn, Sàlámì tí kì í sọ̀rọ̀ á lanu sọ fún mi: "Bàbá Kúdí, jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn."