Bí Bàámi Ṣe Gba Àga Ìwàásù Rẹ̀ Padà

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kó tó di pé ẹlòmíì bá mi sọ ọ́: mi ò ní sùúrù. Bàámi ló kó gbogbo sùúrù ilé wa, ó fi ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì, ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyókù ló ná sórí ìyàwó àtàwa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Èmi àkọ́bí ò rí nǹkan jogún nínú ẹ̀.

Tíṣà ni. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Obalende. Láràárọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti agbo-ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun níwájú, àwa lẹ́yìn. Tí a bá dé Tinúbú, á ní ká dúró, ká ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn báǹkì. Ẹni tí kò bá lè kà á, gbogbo wa la máa dúró dè é. Ṣùtì ni mo máa ń yọ sí àbúrò mi, tí màá ní kó ṣe kíá, agogo ń lù. Bàámi á ní agogo ò mọ̀wé, kí n jẹ́ kí ọmọ náà kà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, oníwàásù ni. Kì í ṣe àlùfáà, wọn ò gbọ́wọ́ lé e lórí, ọmọ ìjọ bíi tiwa ni tí wọ́n yàn pé kó máa wàásù. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ìjọ wa máa ń tẹ ìwé ètò tó ń sọ ẹni tó máa wàásù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ìwé náà bá ti dé, Bàámi á wá orúkọ rẹ̀ jáde, á fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó iṣẹ́ yẹn láyé, àfi Màámi.

Télọ̀ ni Màámi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, kò mọ A yàtọ̀ sí B. Bàámi ló kọ́ ọ níwèé nínú ilé, ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Kò jẹ́ kí ojú tì í rí. Ibẹ̀ ni Màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Tíṣà, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ̀ pé ọmọ ilé kéwú ni Bàámi. Mùsùlùmí ni gbogbo agbo-ilé wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Àáfà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ páànù tó wà láàárín ilé. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́mọdé, kó tó di pé ilé-ìwé mú Bàámi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Àáfà ò bá a jà lórí ẹ̀. Wọ́n kàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, tí wọ́n bá jọ ń jẹ sààrà tàbí tí wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì.

Ọdún kejì tí Bàámi fẹ̀yìn tì ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dúbúlẹ̀. Ọsíbítù ṣe gudugudu méje, ẹsẹ̀ padà ń rìn, ọwọ́ òsì ń mú ṣíbí. Ọ̀rọ̀ ni kò bọ̀. Ohun gbogbo tó bá fẹ́ sọ, "tọ́, tọ́" ló ń bá a jáde. Omi, "tọ́, tọ́." Orúkọ mi, "tọ́, tọ́." Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹun!

Ìgbà náà ni alàgbà ìjọ méjì gbé ọsàn wá kí i. Wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá ní ìjọ ti rò ó pé kí wọ́n yọ orúkọ Baba nínú ìwé ètò tó ń bọ̀, kí Baba lè sinmi dáadáa. Mo wo ojú Bàámi. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Omi kan ṣẹ́ lójú ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì, ó ń ṣe "tọ́, tọ́, tọ́." Mo ti ń wá ibi tí màá ju ọsàn wọn sí nígbà tí Màámi fọwọ́ bà mí lórúnkún, tó sì fẹ̀sọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi Baba sí ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn pátápátá nínú ìwé náà. Oṣù mẹ́rin ló kù. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní àlùfáà á ti múra ìwàásù tirẹ̀ sílẹ̀, bó bá ṣòro, kó gbà á ṣe. Tí kò bá rí i ṣe lọ́jọ́ náà, a mọ̀ pé orúkọ yẹn ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni Màámi gbé A, B, D síwájú ọkọ rẹ̀. Oṣù kan gbáko, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan Bàámi gbá ìwé náà dànù, ó kẹ̀yìn sí wa. Èmi pàápàá ti sọ fún Màámi pé kó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàámi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kéwú ń ké ẹ̀kọ́ wọn lábẹ́ páànù bí wọ́n ṣe máa ń ké e. Mo ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kàn gbọ́ ohùn àgbà láàárín ohùn ọmọdé: "Alífù, bá, tá..." Mo gbójú sókè, ẹnu Bàámi ń lọ! Bàbá Àáfà na ọwọ́, àwọn ọmọ dákẹ́. Bàámi ò dákẹ́. Òun nìkan ló kù tó ń ké e lọ, ketekete, kò fo ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lórí ẹní ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Màámi sáré jáde tòun ti téèpù lọ́rùn. Bàbá Àáfà sunkún bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ojú, wọ́n ní kí a wá gbọ́ oníwàásù wa o. A rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn wá, Bàámi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan sì wá bi mí ní kọ̀rọ̀ bóyá Baba ti padà sídìí kéwú. Mo ní tó bá dùn ún, kó lọ fi ẹjọ́ sun Ọlọ́run tó la ẹnu Baba.

Màámi ti rí ọ̀nà. Ohun tí Bàámi ò lè sọ, ó lè ké e. Bàbá Àáfà gbé wàláà wá, pátákó tí wọ́n fi ń kọ kéwú, Màámi wá ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bàbá Àáfà á fi ohùn kéwú gbé e, Bàámi á gbà á. Omi. Ilé. Orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí orúkọ mi jáde, mo sá wọ yàrá lọ sunkún. Nígbà tó di oṣù kẹta, ìwàásù ni wọ́n ń kọ. Bàámi á tọ́ka sí ọ̀rọ̀, á mi orí sí èyí tí kò fẹ́, Màámi á nù ún, á tún un kọ. Tó bá ṣàṣìṣe, Màámi á fi rúlà kan tábìlì, á ní kí Tíṣà tún un pè.

Ọjọ́ pé. Bàbá Àáfà wá, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn. Àlùfáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù, ìwé tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bàámi gun òkè ní ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó di igi àga ìwàásù mú, ó la ẹnu. Ohùn kéwú ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a fẹ́ràn àwọn tó ń bá wa gbélé. Ó ní kí a kọ́ ẹni tí kò mọ̀, kí a má fi ṣẹ̀sín. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín díẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ akọrin, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́.

Ó dé àárín, ó dúró. Ọ̀rọ̀ tó kàn ò jáde. Mo di ọwọ́ Màámi mú. Àlùfáà káàánú, ó rọra dìde, ó ń bọ̀ wá gbà á.

Bàámi yí ojú sí i. Kò ké e mọ́, kò lo ohùn kéwú rárá. Ohùn tíṣà ló fi sọ ọ́, ohùn tí mo mọ̀ láti kékeré:

"Ẹ jókòó, sà. Mi ò tíì parí."