Iṣẹ́ Oníṣẹ́

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju yàrá kan lọ, ó kọjú sí títì, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́nu fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó níbẹ̀ á kọ́kọ́ gbé aṣọ aláṣọ kúrò lórí àga. Wọn kì í da àjákù nù. Èyí tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ pàápàá, wọ́n á ká a sínú àpò, wọ́n á ní ó lọ́jọ́ tó máa wúlò. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnì kan bá ya ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á gán an pọ̀.

Ìgbà tí ọkọ wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọn ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ni wọ́n tú àpò yìí. Wọ́n ń gé, wọ́n ń fọwọ́ gán an, títí ó fi di aṣọ ńlá kan tó ṣeé fi kọ́ ara ògiri. Títì wa gan-an ló wà nínú ẹ̀: àwọn ilé, fèrèsé, wáyà iná tó dẹ̀ láàárín òpó méjì, àti ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀wù ọkọ wọn ni wọ́n gé fi ṣe ẹ̀wù ọkùnrin yẹn. Àpò àyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èèyàn lè ti ìka bọ̀ ọ́. Ọkọ wọn rí i kó tó kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti sọ òun di arẹwà ju bí òun ṣe rí lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ìyá Òfin là ń pè é nílé, torí láti kékeré, bí òun àtẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń ṣeré, òun ló ń ṣòfin eré, òun náà ló sì ń fi ara ẹ̀ sùn bó bá rú u. Ó wọ yunifásítì, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà nínú gbọ̀ngàn kan tí ilé ẹ̀kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn fúnra wọn ló ń kun ògiri, tí wọ́n ń kan ìṣó, tí wọ́n ń to iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ páálí pélébé kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí. Ìyá Òfin ló ń kọ àwọn páálí yẹn, torí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dára.

Òfin tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ ẹbí ẹ̀ wá. Ó ní ẹni tó ṣe alága ṣáájú òun fi àwòrán àbúrò ẹ̀ kún ògiri, ibẹ̀ nìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

"Ìyá Òfin," mo sọ fún un, "ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn o."

"Àǹtí, ìyẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́."

Ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn jù nínú ìgbìmọ̀ gbé àwòrán ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá. Ìyá Òfin dá àwòrán náà padà lójú gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ náà sì sunkún.

Nígbà tí ìpàtẹ kù díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan bínú kó iṣẹ́ ẹ̀ kúrò, àyè ńlá sì ṣí sílẹ̀ lára ògiri tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Òfin sáré wálé, ó wá yá aṣọ náà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, wọ́n tún un lọ̀.

"Ṣé ẹ máa kọ orúkọ mi síbẹ̀?" ni wọ́n bi í.

"Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, Mọ́mì." Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọra wọn lẹ́nu wá, pé ọ̀nà jìn, òun á ya fọ́tò wálé.

Ta ni wọ́n máa kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri yunifásítì tí kò ní lọ wò ó? Ẹ̀gbọ́n mi rán ẹ̀wù tuntun, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, bí ẹni tó ń lọ ṣèdánwò.

Gbọ̀ngàn náà mọ́lẹ̀ kedere, òórùn ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà la ti rí aṣọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ tààrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú páálí, wọ́n ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Èmi náà kà á. "Títì Wa. Àjákù aṣọ. A kò mọ ẹni tó ṣe é."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yìí kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ tó pa lẹ́kún rí òun mú, ló bá pa orúkọ ìyá ẹ̀ rẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ara mi gbóná. Òwú kan yọ létí àpò àyà ọkùnrin inú aṣọ náà, ẹ̀gbọ́n mi sì nawọ́ kí wọ́n fìka tì í wọlé, bí aránṣọ yòówù ṣe máa ṣe.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́ mà!" Ọ̀rẹ́ Ìyá Òfin ló kígbe láti ọ̀ọ́kán. "Ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́!"

Gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Àárín àwọn olùkọ́ ni Ìyá Òfin dúró sí. Ó rí wa, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan, rìn wá, ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Iṣẹ́ yìí wu èmi náà, mà. Àtàárọ̀ ni mo ti ń béèrè ẹni tó ṣe é. Àbí ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi já mi léèékánná lápá. Wọ́n wo ọmọ wọn, ọmọ wo ilẹ̀. Mo ń fọkàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó sọ̀rọ̀.

"Rárá o, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "N ò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tá à ń padà bọ̀, mo sọ gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Kí ni kí n ṣe? Kí n dójú ti ọmọ mi láwùjọ?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nígbà ìsinmi, Ìyá Òfin gbé aṣọ náà wálé pẹ̀lú ẹkún. Ó ti lọ jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀, ó ti fi ipò sílẹ̀, ó sì ti kọ páálí tuntun tí orúkọ ìyá ẹ̀ hàn gàdàgbà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ ti parí, wọ́n ti ti gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú fún un, wọ́n gbóúnjẹ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè páálí àkọ́kọ́, èyí tó ní a kò mọ ẹni tó ṣe é.

Òun náà ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù dòní, lábẹ́ aṣọ náà. Tuntun wà nínú agolo bọ́tìnnì. Bí oníbàárà bá béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á ní kó ka páálí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Wọn ò bínú sí ọmọ wọn, mo mọ̀, ìyẹn ló tún wá burú. Ìyá Òfin ti parí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìpàtẹ náà ló ṣì ń ṣe, kì í sì í lẹ páálí kankan láìpe orúkọ tó wà lórí ẹ̀ sókè. Bó bá wálé, ẹ̀yìn ló ń kọ sí ògiri yẹn.

Lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, ó mú páálí tuntun nínú agolo, ó rìn lọ síbi ògiri. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò dá ẹ̀rọ dúró. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "má fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́."