Wọ́n Ní Mo Jí Iṣẹ́ Ara Mi Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Accra níbí!

Wọ́n ní àdàlù ni kọ́ọ̀sì náà: ìdajì lórí fóònù, ìdajì lójúkojú ní Sátidé. Ẹni tí kò bá gba sátífíkéètì, kò sí ìgbéga fún un. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń retí ìgbéga yẹn o!

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí kálukú kọ ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀. Mo kọ tèmi. Ní Nima tí mo ti ń kọ́ni, mọ́ṣáláṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi mọ́ títí wọ́n á fi kírun tán. Mo bá sọ àkókò yẹn di àkókò ìkọ̀wé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bẹ̀bẹ̀ lórí WhatsApp pé àwọn kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni. Èmi aláàánú, mo fi tèmi ránṣẹ́ sí wọn. Ni dátà mi bá tán! Kí n tó ra òmíràn, àwọn mọ́kànlá ti gbé e sórí ìkànnì kọ́ọ̀sì, tòun ti mọ́ṣáláṣí inú rẹ̀.

Tèmi ló dé gbẹ̀yìn, ni ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣẹ́ tó jọra wò bá ní èmi ni olè. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa yọ orúkọ mi kúrò nínú kọ́ọ̀sì, ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Inú bí mi, omi ń bọ́ lójú mi.

Ní Sátidé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí kálukú fẹnu sọ tiẹ̀. Bróda Kwame, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà, tí ilé ìwé tiẹ̀ wà láàárín àwọn fítà, àwọn mẹkáníìkì Abossey Okai, ló bẹ̀rẹ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bi í pé ìrun wo ni wọ́n ń pè. Ó họrí, ó ní àsùbáà ni.

Àsùbáà! Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lórí ẹní!

Ẹnì kan pariwo pé, “Chale, ṣé inú kíláàsì ẹ lo ń sùn ni?” Ẹ̀rín bẹ́!

Ó kàn mí. Mo sọ ohun tí n kò kọ síbẹ̀: pé Rahina, ọmọ kíláàsì mi, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àkókò yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í bá òun sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Nílé wọn, àwọn mẹ́sàn-án ló ń gbé yàrá kan. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ní òun ti rí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n dá orúkọ mi padà.

Mo gba sátífíkéètì mi. Àmọ́ ẹ wò ó, fídíò kọ́ọ̀sì àwọn tó tẹ̀ lé wa jáde. Ta ni mo rí? Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wa! Ó ní, “Ní kíláàsì mi ní Nima…” Ó dárúkọ mọ́ṣáláṣí, ó dárúkọ fèrèsé, ó tún dárúkọ Rahina. Ẹ̀rọ ò sì sọ nǹkan kan!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ máa ṣàánú o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé tiyín sórí ìkànnì. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti fi iṣẹ́ yín gba àtẹ́wọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mi ò ní jí i wò.