Ọ̀bẹ Tí Bàbá Àgbà Kò Rọ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ tí mo bá jókòó nídìí ẹwìrì, mo rò pé gbogbo bàbá àgbà ló ń rọ irin. Bàbá tó bí ìyá mi ni mò ń wí. Ẹ̀yìn ilé wọn ní Odigbo ni ilé arọ wọn wà, páànù dúdú lókè, kò sí ògiri. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí a bá ti ilé ìwé dé, àwọn ọmọ yòókù á máa fo súwẹ̀, èmi á máa fẹ́ná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Màmá Àgbà bá sun sínú èédú ni èrè mi. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀: èèpo tó jó, epo pupa, eérú díẹ̀ tí a kì í gbọ̀n dànù tán.

Àdá àti ọkọ́ ni Bàbá ń rọ fún àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ajue àti Araromi-Obu. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀, ọmọbìnrin ilé nìkan ni wọ́n ń rọ ọ́ fún. Bó bá ti tó bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á ní kó dì í mú gírí bí ẹni di ọ̀bẹ mú. Amọ̀ yẹn á gbẹ. Ipa ìka ara rẹ̀ ni wọ́n máa wò gbẹ́ èèkù láti ara igi apá, wọ́n á sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ lè dàgbà sí i.

Irin rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó kán lójú títì Ore àti ayùn àlòkù láti ilé pákó, wọ́n á tò wọ́n léra, wọ́n á sun wọ́n títí ojú ò fi ní lè wò wọ́n, wọ́n á lù wọ́n pọ̀, wọ́n á ká wọn, wọ́n á tún lù wọ́n. Bó bá parí, kò yàtọ̀ sí irin lásán. Ìgbà tí wọ́n bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára ni ilà á yọ, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ojú odò tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń rọ tèmi, oorun gbé mi lọ nídìí ẹwìrì. Iná rọ̀, irin kọ̀, kò lẹ̀ mọ́ra. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè, kí n kọjú sí irin ọ̀hún. Wọ́n ní, “Irin tó bá ti tutù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.” Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n àpá kékeré kan kù lẹ́bàá èèkù. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ibi tí mo sùn sí nìyẹn.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní obìnrin kì í gbé ọmọ owú tí wọ́n fi ń lu irin. Àwọn ọkùnrin tó yẹ kó gbé e, ìyẹn àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọ̀kan ń gun ọ̀kadà ní Ore, èkejì ń wa ọkọ̀ gẹdú.

Nígbà tí mo bí Ìfẹ́, èéfín ti ba ojú Bàbá jẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e wá pẹ̀lú amọ̀. Mo ní, “Bàbá, kò tíì lè rìn. Ẹ jẹ́ kó dàgbà ná.”

“Ta ló máa dúró dè é?”

Wọ́n fi amọ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ tiwọn bò ó. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, a ti sin wọ́n.

Ìfẹ́ ti tó bó ẹ̀gẹ́ báyìí. Mo mú ọ̀bẹ mi lọ bá wẹ́dà kan ní Ore, kó wò ó ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rín ló fi pàdé mi: “Àǹtí, mi ò lè ṣe irú ẹ̀, àmọ́ mo ti bá yín fá gbogbo ìdọ̀tí ara ẹ̀.” Ilà ara irin ló pè ní ìdọ̀tí! Ẹ̀rọ ló fi fá a títí irin fi gbóná, tó yí àwọ̀ padà bí aró. Mi ò lè bú u, oore ló rò pé òun ṣe. Nílé, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára. Ilà padà yọ, inú mi dùn bíi ti òmùgọ̀. Mo fi kan ẹ̀gẹ́, ojú rẹ̀ ká bí agolo. Iná ẹ̀rọ ti pa á. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí irin ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Láyé ìgbà tiwa, ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbẹ́ èèkù. Lónìí, ọ̀bẹ eléèkù rọ́bà kún ọjà Ore, kò sí ọwọ́ tí wọ́n ṣe é fún. Òun ni Ìfẹ́ fi ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì ń gé ara rẹ̀. Lánàá ó bi mí pé, “Mọ́mì, ọ̀bẹ tèmi dà?” Mo gbé amọ̀ tí Bàbá fi sí i lọ́wọ́ nígbà tó wà ní ìkókó fún un. Ó gbìyànjú láti dì í mú, àtàǹpàkò nìkan ló ríbi wọ̀.

Ó ní kò gba òun. Ó gbé e padà lé mi lọ́wọ́, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́.