Ọjọ́ Wo Ni Nótíìsì Yẹn Dé Ọwọ́ Yín?

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà rọlẹ̀ tí àwọn onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ayálégbé àtijọ́ jáde káàkiri Kétu àti Ìkòsí l'Ékòó. Oníròyìn ni mí nígbà náà, mo sì wà lára àwa díẹ̀ tó ń bá àwọn ayálégbé yẹ ìwé wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, ilé kan ní Ìkòsí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìdílé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Onílé, tí gbogbo wọn ń pè ní Daddy, fẹ́ kí wọ́n jáde kíá. Nótíìsì ti dé, ìwé ọlọ́jọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù tẹ̀ lé e, ìwé ìpẹ̀jọ́ náà sì ti wà lára ilẹ̀kùn. Ìdílé méjì ti kó lọ kí n tó débẹ̀. Mummy Tóbi, opó tó ń ránṣọ níwájú ilé, ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá láìpẹ́ nílé ìwé tó wà nítòsí, ìyá ò sì mọ ibi tí yóò gbé e lọ.

"Ẹ jẹ́ ká kàn lọ bẹ Daddy," ló wí. "Ọdún mẹ́jọ la ti jọ wà."

"Ẹ̀bẹ̀ ò burú, Mummy. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní nótíìsì yẹn."

Mo kà á. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó ilé, wọn ò sì ní àdéhùn mìíràn, nítorí náà oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó fún wọn kí wọ́n tó jáde. Déètì orí ìwé pé oṣù mẹ́fà géérégé. Onílé fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú. Mo wá béèrè ohun tí mo máa ń fi parí: "Ọjọ́ wo ló dé ọwọ́ yín?"

"Oṣù tó kọjá," ni Mummy Tóbi wí.

"Ṣé ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á?"

"Lánre tó ń bójú tó ilé ló gbé bébà kan wá, déètì àtijọ́ ti wà lórí rẹ̀, ó ní Daddy ní ká sáìnì. Ṣé ká wá máa bá Daddy fa déètì ni?"

Orí mi gbóná. Wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún àgbà títí wọ́n fi fọwọ́ sí irọ́.

Ìgbà náà ni Aunty Bísí, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ti ibi iṣẹ́ wọlé. "Èmi kọ déètì tèmi o," ló wí, bó ṣe ń bọ́ bàtà. "Mo kọ aago mọ́ ọn."

"Aago kẹ̀?"

"Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni tó bá sáìnì láìkọ aago ò tíì sáìnì. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Àmọ́ ọwọ́ Lánre ni bébà náà wà. "Tó bá fà á ya ńkọ́?" ni Mummy Tóbi bi mí. Mo ní kò lè fà á ya. Òun nìkan ni ẹ̀rí tí onílé ní pé nótíìsì dé ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé rárá.

Nígbà tí ọjọ́ kóòtù ku ọ̀la, Lánre wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ máa dẹrù o, Mummy. Oníròyìn yìí kàn ń tàn yín ni."

Mummy Tóbi ò gbójú kúrò lára máṣíìnì. "Lánre, sún kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi. Aṣọ oníbàárà ni mò ń rán."

Lánre fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bébà náà fún adájọ́. Obìnrin ni adájọ́ náà. Ó fi awò sójú, ó kà á lórúkọ lórúkọ.

"Ta ló kọ déètì yìí àti 'aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú' síbí?"

"Èmi ni, mà," ni Aunty Bísí dáhùn.

"Kí ló dé tó o fi kọ ọ́?"

"Ìgbà yẹn ni mo gbà á, mà."

Lánre ní ó lè jẹ́ pé ó ṣì í kọ. Adájọ́ wò ó. "Ṣé ìwọ kọ́ lo mú bébà wá ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nínú kóòtù. Nótíìsì tó pé oṣù mẹ́fà lórí ìwé kò tíì pé oṣù méjì nílé. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Daddy kọ nótíìsì mìíràn, èyí tó tọ́, wọ́n sì gbà á. Ilé rẹ̀ ni. A ò bá a du ilé. Àkókò tó tọ́ sí wọn la gbà. Tóbi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán láti inú yàrá tó ti ń kàwé bọ̀, kí ìyá rẹ̀ tó fara balẹ̀ wá ilé sí Ìṣẹrì Olówóra. Daddy ò dáhùn ìkíni wọn mọ́, ìyẹn sì dun Mummy Tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdílé méjì tí ìbẹ̀rù lé lọ, kò sẹ́ni tó dá ilé wọn padà. Mo ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè: mi ò tètè débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pè mí láti Àgbòyí. Onílé ní kó jáde kó tó di ọjọ́ Àìkú, ẹnu lásán ló sì fi sọ ọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe nótíìsì, kó wá bá mi tú u. Mo gbé ìkòkò, ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì, a sì kó gbogbo rẹ̀ padà sínú yàrá.